Harvey Cushing, Oníṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ

Àwọn àgbà a máa wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí tí ó wọ́ lẹ́yìn ìyá ni òwe náà ń sọ. Ẹni tí ó bá rí i lè na ọwọ́ kí ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ń bá orí ọmọdé jà láti inú wá, tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò sì tó. Ọmọ tí ara rẹ̀ le, tí ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré kiri, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún orí fífọ́ ní òwúrọ̀. Yóò máa bì láìjẹ́ pé ó jẹ ohun tí ó burú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní lè dúró ṣinṣin mọ́, yóò sì máa rìn bí ẹni tí ọtí ń pa. Ojú rẹ̀ yóò máa ṣókùnkùn díẹ̀ díẹ̀. Kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kú. Kókó ni ó ń hù nínú ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Títí di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kókó náà kò ní orúkọ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀. Bí oníṣègùn bá fi abẹ kàn án, aláìsàn kì í sábà là á já.

Harvey Cushing kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣí agbárí ènìyàn láti yọ kókó kúrò. Àwọn kan ti ṣe é ṣáájú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Scotland. Ṣùgbọ́n òun ni ó sọ iṣẹ́ náà di ohun tí a lè fi sùúrù kọ́, tí a sì lè fi kọ́ ẹlòmíràn. Òun àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ni wọ́n sì sọ àrùn àwọn ọmọdé yìí lórúkọ.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 1869 ni a bí i ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́wàá tí ìyá rẹ̀ bí. Iṣẹ́ ìṣègùn jẹ́ iṣẹ́ ìdílé wọn: oníṣègùn ni baba rẹ̀, oníṣègùn ni baba baba rẹ̀, oníṣègùn sì ni ẹni tí ó bí baba baba rẹ̀. Ó kàwé ní Yunifásítì Yale láti ọdún 1887 títí di 1891, níbi tí ó ti fẹ́ràn eré bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní baseball. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Harvard ní ìlú Boston, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1895.

Nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́, pé kí ó máa fún àwọn aláìsàn ní étà fà símú, èyí tí ń mú ènìyàn sùn kí a tó fi abẹ kàn án. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun, ó sì rò ó bóyá kí òun fi ìṣègùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sá. Òun àti Amory Codman, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ṣọ́ aláìsàn tí étà bá ti gbé sùn: wọ́n ń ka bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù àti bí ó ti ń mí, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lóòrèkóòrè, kí wọ́n lè fura sí ewu kí ó tó dé. Láti ìgbà náà ni àṣà kan ti mọ́ ọn lára tí kò sì fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀: ohunkóhun tí ó bá ṣẹ́gun rẹ̀, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí gan-an.

Ní ọdún 1896 ó lọ sí ilé-ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ William Halsted. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá yára gé ara ni aráyé ń pè ní akọni oníṣẹ́ abẹ. Halsted kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣe ni ó máa ń rọra ṣiṣẹ́, yóò máa mú ara aláìsàn jẹ́jẹ́ bí ẹni mú ẹyin, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣòfò. Cushing gba ẹ̀kọ́ yìí tọkàntọkàn, nítorí ó mọ̀ pé bí ara ibòmíràn bá lè gba ìwàǹwára, ọpọlọ kò lè gbà á.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Láàárín ọdún 1900 sí 1901, Cushing kọjá sí ilẹ̀ Yúróòpù láti kọ́ ọgbọ́n sí i. Ní ìlú Bern ní ilẹ̀ Switzerland, lọ́dọ̀ Theodor Kocher, ó ṣàyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ru sókè nígbà tí ohun kan bá ń fún ọpọlọ mọ́ inú agbárí. Ní ìlú Pavia ní ilẹ̀ Ítálì, ó rí ohun èlò kan tí Scipione Riva-Rocci ṣe, tí a ń dì mọ́ apá láti fi wọn agbára ẹ̀jẹ̀. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì gbé irú rẹ̀ kan padà sí Amẹ́ríkà. Ní ìlú Liverpool, ó bá Charles Sherrington ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ àwọn ọ̀bọ ńlá, láti mọ apá tí ń darí ọwọ́ àti apá tí ń darí ẹsẹ̀. Nígbà tí ó padà sílé, ó kéde pé ọpọlọ ni òun yóò fi ṣe iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ebi ni yóò fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pa á, nítorí àwọn tí a ti fi abẹ kàn ní ọpọlọ tí wọ́n sì yè kò tó nǹkan. Ní ọdún 1902 ó fẹ́ Katharine Crowell níyàwó, wọ́n sì bí ọmọ márùn-ún.

Díẹ̀ díẹ̀ ni iṣẹ́ náà fi yé e. Ewu àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀, nítorí a kò lè fi okùn di àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú ọpọlọ bí a ti ń di ti ẹsẹ̀. Ní ọdún 1911 ó gbé ọgbọ́n kan jáde: ó fi fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ohun kékeré tí a fi ń há ẹnu iṣan pa. Ní ọdún 1926, òun àti William Bovie, onímọ̀ kan ní Harvard, bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gé kókó, kí ibi tí a gé má sì ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Àwọn kan tí ó ti ṣí orí wọn tẹ́lẹ̀, tí ó sì padà dé nítorí ẹ̀jẹ̀, ni ó pè padà wá. Iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo lè gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá parí, yóò jókòó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán ohun tí ó rí. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ń kú lórí irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni iye náà ti lọ sílẹ̀ títí ó fi di nǹkan bí ẹni mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn kò sì tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1912 ó lọ sí ilé-ìwòsàn Peter Bent Brigham tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní Boston, ibẹ̀ ni ó sì ti lo ogún ọdún. Ogun Àgbáyé Kìíní gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé, níbi tí ó ti ń yọ irin kúrò nínú ọpọlọ àwọn ọmọ ogun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1917, wọ́n pè é lóru sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọta ìbọn ńlá ti bà jẹ́. Edward Revere Osler ni, ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù fún William Osler, àgbà oníṣègùn tí Cushing fi ṣe baba ní Baltimore. Ọmọ náà kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí Osler fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1919, Cushing gba iṣẹ́ kíkọ ìtàn ayé rẹ̀. Ìwé náà jáde ní ọdún 1925, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 1926.

Ọdún 1919 kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Percival Bailey wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ti gbogbo ẹni tí Cushing ti ṣiṣẹ́ fún, ìwé àkọsílẹ̀ wọn wà níbẹ̀, àwòrán wọn wà níbẹ̀, kókó tí a yọ kúrò sì wà nínú ìgò pẹ̀lú. Bí aláìsàn bá kú, Cushing a máa bẹ àwọn ẹbí rẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ó mọ ohun tí ó pa á. Bailey jókòó ti àwọn ìgò wọ̀nyí. Ó gé kókó tí ó lé ní 400 sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi àwọn aró tí ó ní wúrà àti fàdákà nínú pa wọ́n láró, ó sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ wọ́n wò.

Ó ṣe pàtàkì láti mọ ohun tí ó ń wá. Ara ènìyàn kún fún àwọn ohun tíntìntín tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ kò tíì yàtọ̀ sí ara wọn. Bí wọ́n ti ń dàgbà ni olúkúlùkù ń gba iṣẹ́ tirẹ̀. Bailey àti Cushing rò pé kókó ọpọlọ jẹ́ ọmọ irú àwọn sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tí kò dàgbà bí ó ti yẹ, tí ó ń pọ̀ sí i láìgba iṣẹ́ kankan. Bí a bá lè mọ ìdílé tí ó ti wá, a lè mọ bí yóò ti hùwà. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí ṣe fún àwọn kókó inú ọpọlọ, ìwé tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1926 ni àwọn oníṣègùn ayé tò tẹ̀ lé.

Nínú gbogbo àwọn kókó náà, ọ̀kan wà tí ó ń mú ọmọdé jù, tí ó ń hù láàárín ọpọlọ kékeré tí ó wà lápá ìpàkọ́. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un bá orúkọ tí àwọn mìíràn ti fún kókó ọ̀tọ̀ mu. Nígbà tí wọ́n rí i pé èyí yóò da ọ̀rọ̀ rú, wọ́n pa á tì, wọ́n sì pè é ní medulloblastoma nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1925. Wọ́n gbà pé sẹ́ẹ̀lì oyún kan tí wọ́n pè ní medulloblast ni baba rẹ̀. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò rí sẹ́ẹ̀lì náà. Orúkọ dúró, ṣùgbọ́n baba tí a fi ọmọ fún kò sí níbì kankan. Síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ kò ṣìnà, nítorí wọ́n ti kọ́ aráyé pé kí a máa bèèrè ilé tí kókó ti wá.

Mímọ orúkọ àrùn kò túmọ̀ sí pé a ti borí rẹ̀. Ní ọdún 1930 Cushing kó ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn 61 tí wọ́n ní àrùn yìí jọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni ó kú nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀. Lára àwọn tí ó kù, ara á yá ọmọ, á padà sílé, á ṣeré. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kókó náà á tún hù, tàbí kí ó gba inú omi tí ó yí ọpọlọ ká ṣàn lọ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó lo ọdún mẹ́ta. Cushing ṣàkíyèsí pé àwọn tí a fi ìtànṣán X-ray tọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ń pẹ́ díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ká ayé lè gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́. Cushing tẹ̀ ẹ́ jáde, pẹ̀lú iye àwọn tí ó kú.

Kò yẹ kí a fi ìyìn bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ rẹ̀: ó lè bá olùrànlọ́wọ́ wí títí yóò fi sunkún, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jókòó pẹ́ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù. Katharine ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá tọ́ àwọn ọmọ nínú ilé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1926, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, William, ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Cushing sọ fún ìyàwó rẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́, lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé-ìwòsàn, ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ tí ó ti ṣèlérí fún aláìsàn kan ní ọjọ́ náà. Àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ títí ó fi parí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin ọdún 1931, ó yọ kókó ọpọlọ tí ó pé 2,000 nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1932 ó fẹ̀yìn tì ní Boston, ní ọdún 1933 ó sì padà sí Yale. Obìnrin onímọ̀ kan, Louise Eisenhardt, tí ó ti ń pa àkọsílẹ̀ náà mọ́ láti Boston, tẹ̀ lé e lọ pẹ̀lú àwọn ìwé àti àwọn ìgò. Ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 1939 ni Cushing kú ní New Haven, ní ẹni àádọ́rin ọdún. Nígbà tí a yẹ òkú rẹ̀ wò, a bá kókó kékeré kan, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, nínú ọpọlọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ìgò rẹ̀ wà nínú yàrá abẹ́ ilé ní Yale fún ọdún púpọ̀, eruku sì bò wọ́n, títí a fi tún wọn tò sí gbangba ní ọdún 2010.

Irúgbìn tí ó gbìn hù lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1953, ní ìlú Manchester, Edith Paterson àti Farr tẹ ìròyìn jáde pé bí a bá fi ìtànṣán tọ́jú ọpọlọ àti gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn pa pọ̀, kì í ṣe ìpàkọ́ nìkan, ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ náà tí yóò yè fún ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni oògùn dara pọ̀ mọ́ ìtànṣán. Ṣùgbọ́n ìtànṣán tí ń pa kókó a máa ṣèpalára fún ọpọlọ tí ń dàgbà, ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi padà sí ìbéèrè Cushing: ọmọ ilé wo ni kókó yìí?

Awò Bailey kò lè rí ohun tí wọ́n wá rí. Lójú ara sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn èròjà kan wà tí ó dà bí ilà ojú. Bí a ti máa ń wo àbàjà tàbí pélé tí a sì ń mọ ìlú ẹni láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi àwọn àmì wọ̀nyí mọ irú sẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 2004, Peter Dirks àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Toronto tú kókó ọpọlọ palẹ̀, medulloblastoma wà lára wọn, wọ́n sì ya àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ní àmì kan tí a ń pè ní CD133 sọ́tọ̀. Wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì 100 tí ó ní ilà yìí sínú ọpọlọ eku, kókó tuntun sì hù. Wọ́n fi 100,000 tí kò ní in sínú òmíràn, kókó kò hù. Ó dà bí ẹni pé a ti mú olórí ọlọ́ṣà nínú agbo. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wá rí i lẹ́yìn náà pé àwọn kan tí kò kọ ilà yìí pàápàá lè dá kókó sílẹ̀. Ilà nìkan kò tó láti fi dájọ́. A gbọ́dọ̀ mọ ìdílé pẹ̀lú. Ní ọdún 2012 àwọn onímọ̀ fẹnu kò pé ilé mẹ́rin ni ohun tí Bailey àti Cushing fi orúkọ kan pè. Nínú ọ̀kan, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá tí ń yè. Nínú òmíràn, nǹkan bí ìdajì ni. Ẹni tí ó bá mọ ilé tí ọmọ wà lè dín ìtànṣán kù fún èyí tí kò nílò rẹ̀ púpọ̀. Ní àwọn ilẹ̀ tí ìtọ́jú ti pé, bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, nǹkan bí ọmọ méje nínú mẹ́wàá ni ó ń lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ó yè fún ọdún mẹ́ta nínú 61 nígbà ayé Cushing, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ ọ́ kí gbogbo ayé kà. Bí ó bá ti fi kìkì ìṣẹ́gun rẹ̀ sílẹ̀, òkìkí nìkan ni ìbá fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ka àwọn tí ó kú pẹ̀lú àwọn tí ó yè, àwọn tí ó dé lẹ́yìn mọ ibi tí ọ̀nà gé sí, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun wúlò fún ìran tí ń bọ̀, kí ó ka ìpàdánù rẹ̀ bí ó ti ń ka èrè rẹ̀, kí ó má sì fi ìkankan pamọ́.